Iná tí kò tàn lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀

Ọjọ́ kẹrin tí mo ra ọkọ̀ náà ni iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Àlòkù ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ní tọ́bò tó ń kì afẹ́fẹ́ sí i, sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì ń bú bí ẹni tó ń wá ìjà. Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti ń fà sí irú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, mo yẹ ara rẹ̀ wò, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, mo ka ìlà orí taya, mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí iná kankan níbẹ̀. Mo ní ó parí, mo sanwó.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò tèmi rèé.

Mo fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo bá tẹná mọ́lẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ̀ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta léraléra bí ẹni tí ikọ́ ká mọ́, iná yẹ́lò kan tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, ó wá dúró síbẹ̀ ó ń wò mí. Kí ni ẹni tó lọ́gbọ́n ì bá ṣe? Ì bá rọra wakọ̀ lọ sílé. Èmi ńkọ́? Mo tún tẹná, bóyá àṣìṣe ni. Ó tún gbọ̀n, iná tún ṣẹ́jú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí méje kí n tó délé, bí ọmọdé tó ń fi ahọ́n tọ́ eyín tó ń dùn ún. Ìwà òmùgọ̀ yẹn ló wá ná mi lówó jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi kan mú sikánà kékeré kan wá, èyí tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, tó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, ó sì ní ojú 16. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀, Yúróòpù náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ onípẹtiróòlù ní 2001. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà kò bá dàgbà jù, sikánà yìí kan náà yóò wọ̀ ọ́, ẹni yòówù kó ṣe é. Kóòdù méjì, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ àṣìṣe tó rí, ló gbé jáde: P0300 àti P0303. Mo ya ojú fóònù náà láwòrán, gbogbo ojú ewé rẹ̀, àní àwọn ìlà nọ́ńbà tí kò yé èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn náà ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "clear" sí, ìyẹn pa kóòdù rẹ́. Iná kú. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé a ti wo aláìsàn sàn.

Ọjọ́ méjì péré ló fi kú.

Ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò nìyẹn. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò bá a jà lórí ìyẹn, torí púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ onítọ́bò kì í pẹ́ gbó, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti tó pààrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná tún padà, ó ní sẹ́ńsọ̀ tó wà lára sàlẹ́ńsà, èyí tó ń yẹ èéfín wò, ni. Mo ra sẹ́ńsọ̀. Iná padà. Mẹkáníìkì kejì tiẹ̀ fẹ́ kí n ra kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Mo bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí. Mo kó kọ́kọ́rọ́ mi.

Ẹnìkan ló júwe bàbá kan fún mi, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo débẹ̀, mo kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí mo ti rà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Ọmọ mi, n kò bi ọ́ léèrè ohun tí o rà. Kí ni ọkọ̀ sọ nígbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?" Mo rántí àwòrán inú fóònù mi, mo gbé e fún wọn.

Ohun tí wọ́n kà nínú àwòrán yẹn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ju ohun tí èmi gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. P0300 ni pé iná kò mú pẹtiróòlù dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, kò sì sọ ibi tó wà. P0303 ló tọ́ka: sìlíńdà kẹta, ìyẹn ìkẹta nínú ihò tí pẹtiróòlù ti ń jóná. Ìlà nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, tí èmi rò pé kò wúlò, ni ọkọ̀ fi ń rántí bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú àáyá tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní 4,800 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti gbóná tó bó ṣe yẹ, iṣẹ́ tó ń ṣe sì jẹ́ ìdá 92 nínú 100. Bàbá ní: "Ṣé o rí i? Kì í ṣe àìsàn ìgbà ìsinmi. Ìgbà tí ẹrù bá wúwo ló ń dá a." Wọ́n ṣàlàyé pé bí tọ́bò bá ti kì afẹ́fẹ́ mọ́ inú sìlíńdà, iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ lágbára gidi kó tó lè fò kọjá. Kọ́ìlì ló ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná; èyí tó ti ń rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà bí ẹ bá ń rọra lọ, kó wá kùnà nígbà tí ẹ bá tẹná. Ìdí nìyẹn tí ìrìn kékeré tí mo fi dán ọkọ̀ wò kí n tó rà á kò fi nǹkan kan hàn mí. Bí ẹni ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó tuntun ni mo ṣe wà á lọ́jọ́ náà.

Wọn kò ra ohunkóhun. Wọ́n yọ kọ́ìlì sìlíńdà kẹta, wọ́n fi sí orí ti àkọ́kọ́, wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ sí ti kẹta. A wa ọkọ̀ jáde, mo tẹná lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ̀n, a padà. Sikánà sọ pé P0301, sìlíńdà àkọ́kọ́. Àìsàn ti bá kọ́ìlì rìn. Gbogbo ìdánwò yìí kò gba wákàtí kan, kò sì ná mi ní nǹkan kan.

Mo ní kí n máa lọ ra kọ́ìlì. Bàbá ní kí n dúró, kí ló pa á ná? Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò púlọ́ọ̀gì kẹta. Ọ́ìlì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń dán. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ti gan, ooru tọ́bò ti yan rọ́bà rẹ̀ títí ó fi le bí igi, ọ́ìlì sì ń jò wọ inú ihò, ó ń rin rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì. Bí mo bá ra kọ́ìlì nìkan, yóò tún bàjẹ́. (Ẹni tó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rí ọ́ìlì yẹn o. Kò sí bó ṣe lè yọ púlọ́ọ̀gì láìrí i. Ó fi àkísà nù ún ni.) A pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, a pààrọ̀ kọ́ìlì kan, ikọ́ náà lọ.

Bàbá ti fẹ́ dá fóònù mi padà nígbà tí wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní: "Kílómítà mélòó lo ti wà á kí o tó ya àwòrán yìí?" Mo ti kọ iye tó wà lójú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, mo sì ṣírò rẹ̀: 212. Wọ́n fi ìka hàn mí lójú àwòrán, níbi tí wọ́n kọ iye kílómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ kẹ́yìn. 229 ni.

Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. 17. Kílómítà 17 kí n tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹnìkan ti fi sikánà pa iná náà. Ẹni tó tà á fún mi mọ̀. Ara mi gbóná, ṣùgbọ́n owó ti kúrò lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀, ẹ má kàn wò bóyá iná tàn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ṣe é sítáàtì: gbogbo iná yẹn gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n tó kú. Bí ti ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá ní àkókò yẹn, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ ki sikánà bọ̀ ọ́, kí ẹ wo nǹkan méjì: iye kílómítà láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́, àti àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá pa kóòdù, àyẹ̀wò wọ̀nyẹn á padà sí òdo, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan ìrìn kí gbogbo wọn tó parí. Ọkọ̀ tí kò ní kóòdù kankan, tí àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì tíì parí, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n dì. Àmọ́ ẹ ṣe sùúrù, nítorí yíyọ okùn bátìrì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ bátìrì tuntun ni wọ́n fi sí i. Ẹ béèrè.

Mo ṣèlérí pé mo ń bọ̀ lórí ìwà òmùgọ̀ mi. Iná ẹ́ńjìnnì tó dúró gbọnin ń sọ pé kí ẹ wá àyè yẹ ọkọ̀ wò. Èyí tó ń ṣẹ́jú kò fún yín láyè. Pẹtiróòlù tí kò jóná nínú sìlíńdà ń wọ inú sàlẹ́ńsà, ó ń jóná nínú catalytic converter, ohun tó ń pa oró èéfín, ó sì lè yọ́ inú rẹ̀ bí àbẹ́là. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí bàbá tún ọkọ̀ mi ṣe, P0420 yọjú. Kóòdù yẹn ń sọ pé nǹkan náà kò ṣiṣẹ́ tó mọ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni fún ìyẹn. Ìgbà mẹ́fà tàbí méje tí mo fi ń dán an wò lójú ọ̀nà ló fọ́ ọ, owó rẹ̀ sì ju ti kọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì, púlọ́ọ̀gì àti sẹ́ńsọ̀ lápapọ̀ lọ.

Ti àwọn iná yòókù kò gùn. Èyí tó bá pupa, tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ti ooru. Bí ó bá jẹ́ pé iná bíi márùn-ún ló tàn lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ kọ́kọ́ wọn bátìrì kí ẹ tó banújẹ́. Ọkọ̀ eré pọ̀ tó jẹ́ pé jíjókòó ni wọ́n ń jókòó jù, bátìrì tó sì ti lọ sílẹ̀ máa ń mú kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ máa sọ ìsọkúsọ. 12.6 ni fọ́ọ̀tì bátìrì tó kún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi onísikánà fẹ́ ra ọkọ̀ tirẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ. A wo méjì. Àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, kò sí iná lójú rẹ̀, sikánà sì sọ pé kílómítà 4. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, a kúrò níbẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú ìkejì, ó dúró gbọnin. Ẹni tó ni ín ló kọ́kọ́ fi hàn wá kí a tó jókòó: ó ní oṣù kejì rèé, P0455 ni, atẹ́gùn táǹkì ń jò níbìkan, ìdérí táǹkì náà ti sán, òun kò sì tíì rà á. A yẹ̀ ẹ́ wò, a rí ibi tó ti sán. Kílómítà tó ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ̀ kẹ́yìn lé ní 9,000. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, mo wò ó. Ìyẹn ló rà.