Igun 90 Tí Mo Fi Orí Mi Dúró Fún

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì ní Ọ̀nà Ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi rò ó, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ kiri Àkúrẹ́ báyìí, ó ti di pé ilé onígun mẹ́ta ni mo yà fún Alhájì. Irọ́ gbáà ni. Igun mẹ́rin ni mo yà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì jẹ́ dìgírì 90 lójú kọ̀ǹpútà, ojú kọ̀ǹpútà náà ni mo sì gbà gbọ́ ju ojú gbogbo ẹ̀dá alààyè tó wà níbẹ̀ lọ.

Ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ni Alhájì fẹ́ kọ́, mítà 30 níwájú, mítà 6 wọnú lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí kò le ni, AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya pláànù, ni mo fi yà á. Nígbà tí mo yà á tán, mo kọ 90 gàdàgbà sí igun kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òdo kékeré rẹ̀ lókè, mo sì kùn ún ní pupa. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àmì kékeré kan ti tó fún igun tó ṣe déédéé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Alhájì rí ibi tí owó rẹ̀ lọ.

Bàbá bíríkìlà ló da ọ̀rọ̀ rú. Ó gba pláànù, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́, ó ní, “Ẹnjiníà, ògiri ọwọ́ òsì jẹ́ mítà 6, ti ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ 5.79. Báwo ni ògiri ẹ̀yìn ṣe wá ṣe déédéé ní igun méjèèjì?” Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ì bá dákẹ́ kó ronú sí ìbéèrè yẹn. Èmi kò dákẹ́. Mo ní kí Bàbá má ṣèyọnu, pé kọ̀ǹpútà kì í ṣìrò bí ènìyàn, pé láti ọdún 1982 ni AutoCAD ti jáde, tí àwọn tó ń kọ́ afárá àti ilé gogoro káàkiri ayé sì ń lò ó. Bàbá ní lọ́dún 1982, òun náà ti ń kọ́lé.

Ó kan èèkàn, ó na okùn gẹ́gẹ́ bí pláànù mi ṣe wí, ó sì fi ọgbọ́n mẹ́ta-mẹ́rin-márùn-ún tí gbogbo bíríkìlà mọ̀ wọn igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì: mítà 3 lórí okùn kan, mítà 4 lórí èkejì, bí igun bá sì ṣe déédéé, láti àmì dé àmì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 5 géérégé. Kò pé. Ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì dín. Mo ní tẹ́ẹ̀pù Bàbá ti gbó, pé ó ti fà. Wọ́n mú tẹ́ẹ̀pù tuntun jáde láti inú ọkọ̀ Alhájì, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Mo ní òun náà ti fà.

Níbi tí ọlọ́gbọ́n ì bá ti panu mọ́ ni mo ti ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mi wá. Oòrùn ń ràn, ọmọ kan na agbòòrùn lé e lórí bí ìgbà tí Déjì bá jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ sì péjọ. Mo yan ògiri ẹ̀yìn, mo tẹ LIST, àṣẹ tó ń sọ gígùn ìlà àti igun tó kọjú sí, ó gbé igun 180 jáde. Mo ní ṣé ẹ rí i? Mo ṣàlàyé pé ìhà ìlà-oòrùn ni AutoCAD ti ń ka òdo, ọwọ́ òsì ló sì ń yí sí, kò dà bíi ti àwọn sọ́fíyọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àríwá tí wọ́n ń yí sí ọwọ́ ọ̀tún, àti pé 180 yìí fi hàn pé ìlà náà kọjú sí ìwọ̀-oòrùn tààrà. Àlàyé náà dùn lẹ́nu mi débi pé mo tún un ṣe fún ọkùnrin kan tó kàn ń kọjá lọ ra ẹ̀kọ.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló fọwọ́ kàn mí léjìká. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ UN.” Mo tẹ ẹ́, kí ojú lè tì í. Fèrèsé kékeré kan ṣí, níbi tí a ti ń yan iye nọ́ńbà tí yóò hàn lẹ́yìn póìǹtì: gígùn ní mẹ́rin, igun ní òdo. Ọmọ náà sọ ti igun di méjì. Mo tún tẹ LIST. 179.60.

Ṣùgbọ́n mo gbójú sókè, mo rí i pé àwọn 90 pupa mi ṣì dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni mo bá tún pariwo pé ẹ wò ó, wọn kò yẹsẹ̀. Ọmọ náà ní díménṣọ̀n, ìyẹn nọ́ńbà ìwọ̀n tí a kọ sára pláànù, ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí a ti ń tún un ṣe, UN kò kàn án. Ó lọ síbẹ̀. Àwọn 90 méjì tó wà lẹ́yìn yí padà lójú gbogbo ayé: ọ̀kan di 89.60, èkejì di 90.40. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yìí ló yẹ kó wá rojọ́. Nínú ikùn AutoCAD, nọ́ńbà tó gùn tó dígíìtì 15 ló ń tọ́jú. Ohun tí a bá yàn nínú UN kò yí ohun tó mọ̀ padà rárá, ohun tí yóò fi hàn wá nìkan ló ń yí. Láti alẹ́ tí mo ti fa ìlà yẹn ló ti mọ̀ pé kò tọ́, ó sì ń fi 90 rẹ́rìn-ín sí mi. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá dìgírì kan, lórí ìlà mítà 1, mílímítà 7 péré ni. Ta ni yóò rí i? Lórí mítà 30, ó di sẹ̀ǹtímítà 21, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 9. Síbẹ̀, gígùn ni wọ́n fún ní nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́yìn póìǹtì láti ilé wá, wọ́n sì ní kí igun máa lọ lọ́wọ́ òfo.

Mo gbọ́, ẹ ti fẹ́ béèrè F8, bọ́tìnnì tí kì í jẹ́ kí ìlà yà kúrò lọ́nà tààrà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń fi kọ́ ènìyàn. Iná ti lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bátìrì ń kú lọ, mo fi ojú wọ̀n ọ́n, mo sì tẹ ẹ́ síbẹ̀. Ti 5.79 ńkọ́? Mo rí i. Mo rò pé ilẹ̀ ló dagun níbẹ̀ ni.

Alhájì, tí kò ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù ìkẹyìn, ṣé lára owó ilé rẹ̀ ni kí òun ti yọ sẹ̀ǹtímítà 21 náà ni, àbí lára tèmi. Mo ti tún pláànù yà lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá bíríkìlà sì ti sọ mí ní Ẹnjiníà Àádọ́rùn-ún, orúkọ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníyanrìn, nítorí nígbà tí mo bi awakọ̀ típà kan bóyá iyanrìn rẹ̀ kún, ó ní ó kún dáadáa, àfi bí mo bá fẹ́ kọ́kọ́ tẹ UN.