Mi ò fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sùn láìkọ ti òní sílẹ̀. Irú òní ni wọ́n bí Martin Luther King, aṣáájú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, ní 1929. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìsinmi tí ìjọba fi ń rántí rẹ̀, kò ní sí iléèwé, nítorí náà òní àti ọ̀la nìkan ni mo ní láti fi kọ́ àwọn ọmọ mi nípa rẹ̀. Mọ́kànlélógún ni wọ́n, ọmọ ọdún márùn-ún, díẹ̀ nínú wọn ti pé mẹ́fà. Jẹ́lé-ó-sinmi ni àwọn ará ilé máa ń pe iṣẹ́ mi, mi ò sì bá wọn jiyàn. Àmọ́ ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn ọmọ yẹn kì í jẹ́ kí olùkọ́ sinmi rárá.

Lánàá, olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi áàpù kan hàn mí. Wàá fi fọ́tò sí i, wàá fi ìka fa ìlà síbi ẹnu, wàá gba ohùn rẹ sílẹ̀, fọ́tò náà á sì máa lanu sọ̀rọ̀. Kò sí ọmọ tí kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n fi fọ́tò King sí i, kí àwọn ọmọ máa sọ̀rọ̀ láti ẹnu rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo dán an wò, tí ẹnu ọkùnrin yẹn ń là tó ń pa dé pẹ̀lú ohùn tèmi, ara mi kọ̀ ọ́.

Mo jókòó, mo rò ó. Ṣebí àwa Yorùbá náà máa ń jẹ́ kí ará ọ̀run sọ̀rọ̀. Eégún á jáde, á yí ohùn padà, a ó kúnlẹ̀, a ó gbàdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó bá ti rí aṣọ ló ń gbé eégún. Ìdílé tó ni ín ló ń gbé e. Ètùtù wà ńbẹ̀, èèwọ̀ wà ńbẹ̀, ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ sì mọ ohun tí bàbá rẹ̀ kò jẹ́ sọ láé. Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì mọ ohun tí King sọ. Ohunkóhun tí òun fúnra rẹ̀ bá fi sí i lẹ́nu lónìí, òun náà ló máa gbà pé King sọ tó bá dàgbà. Mo pinnu pé fọ́tò ara wọn ni wọ́n máa lò.

Láàárọ̀, mo ṣí Google Earth, èyí tó ń fi àwòrán ayé hàn láti òkè, sójú pátákó oníná. A bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé iléèwé wa, ariwo sọ nígbà tí wọ́n rí pápá ìṣeré. Ni a bá fò lọ sí Atlanta, a sọ̀ kalẹ̀ sí Auburn Avenue, nọ́ńbà 501, ilé tí wọ́n bí King sí: ilé alájà méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Mo retí pé ilé ni wọ́n máa wò. Ilé iṣẹ́ panápaná àtijọ́ tó wà ní kọ́nà ibẹ̀ ni wọ́n rí! Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń gbé nítòsí panápaná kì í ṣe àjèjì sí ọmọ ọdún márùn-ún.

Ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ti dákú. Àwòrán gan síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Mo fi pátákó sílẹ̀, mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì láàrin wọn, mo sì sọ ti ọ̀rẹ́ King fún wọn. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ló ti ń bá ọmọ aláwọ̀ funfun kan ṣeré. Bàbá ọmọ náà ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wọn. Nígbà tí wọ́n pé ọdún mẹ́fà, iléèwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀. Ọ̀rẹ́ yìí wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé bàbá òun ní kí òun má bá a ṣeré mọ́. King délé, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé kò kéré sí ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin kan tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sórí irun bi mí pé, "Kí ló dé tí wọn ò jọ lọ síléèwé kan náà?" Mo ní òfin ni. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ mi mọ òfin. Òfin márùn-ún ló wà lára ògiri wa, àwọn fúnra wọn ló dá a: ẹ má tira yín, ẹ pín nǹkan lò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ni wọ́n fi ń mọ ohun tó dáa. Ọmọbìnrin náà yíjú sí ògiri, ó tún wò mí, ó ní, "Ta ló kọ ìyẹn?" Mo ní àwọn àgbà ni. Mi ò rò pé mo ti dáhùn ìbéèrè tó le tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ká ní àwòrán yẹn kò gan, bóyá ilé mìíràn là bá máa wò lọ.

Ọjọ́ tí a bá wá síléèwé, wóró ẹ̀wà kan là ń jù sínú ìgò. Ó ti di 84. Mo gbé ìgò kejì jáde, èyí tí mo ka ẹ̀wà 381 sí lálẹ́ àná. Mo ní iye ọjọ́ tí àwọn èèyàn dúdú ní Montgomery fi kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n mú Rosa Parks lóṣù Kejìlá 1955 torí pé kò dìde fún aláwọ̀ funfun. King ló ṣáájú wọn. Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, àwọn kan ń bá ara wọn gbé nínú mọ́tò. Ọmọ kan ki ọwọ́ bọnú ìgò náà títí dé ọrùn ọwọ́, kò sì fẹ́ yọ ọ́.

Nígbà tí mo jáde iṣẹ́, mo pe bàbá mi n'Íbàdàn. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o sọ fún wọn pé King dé Èkó?" Mo ní, "Rárá sà." Ó dé Èkó lóòótọ́, lóṣù Kọkànlá 1960, nígbà tí wọ́n ń fi Azikiwe jẹ Gómìnà-Àgbà. Ọmọ iléèwé ni bàbá mi nígbà náà. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn lọ́la." Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá gbà, láti Auburn Avenue la máa fò tààrà lọ sí Èkó.

Ó ku ohùn àwọn ọmọ, èyí tí wọ́n gbà sínú áàpù náà lábẹ́ fọ́tò ara wọn. Ìbéèrè kan ni mo fún gbogbo wọn: kí lo máa sọ fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní kó má bá ọ ṣeré mọ́? Àwọn kan sọ̀rọ̀ lórí ajá wọn. Àmọ́ ọmọkùnrin kan wà tí kò tíì sọ gbólóhùn kan létígbọ̀ọ́ kíláàsì látìgbà tí iléèwé ti wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá 11 ni tirẹ̀. Èémí nìkan là ń gbọ́ níbẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni ẹnu là: "Mo ṣì wà nídìí jáńgílọ́fà. Máa bọ̀."

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin lálẹ́ yìí.