Èlé Oṣù Kan àti Ohun Tó Ń Dà Lọ́dún

Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kì í dẹ́rù ba ẹni tí ọ̀rọ̀ owó ká lára, àwọn gbọ́múlélántà àti àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó jẹ́ lọ́dún yóò ní 5 lọ́nà 12, ó di 60. Ìṣirò yẹn tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé ó ń san èlé rẹ̀ lóṣooṣù, tí ó sì ku ojú owó nìkan. Bí kò bá san án, wọn yóò ro èlé mọ́ ojú owó: ₦100,000 yóò di ₦105,000, oṣù kejì yóò sì gba èlé lórí ₦105,000 yẹn, títí ọdún yóò fi yí po tí gbèsè náà yóò sì di ₦179,586. Èlé ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 80 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìdá 10 lóṣù, yóò lé ní ìdá 213, èyí tí sogúndogójì gan-an kò dé.

Èyí tó tilẹ̀ burú jù lójú tèmi ni èlé tí kì í dín kù bí ojú owó ṣe ń dín kù. Ká ní ẹnì kan yá ₦120,000 fún oṣù 12 ní ìdá 5 lóṣù, tí ó ń san ₦10,000 nínú ojú owó àti ₦6,000 èlé lóṣooṣù. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá, ₦10,000 péré ló kù lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ₦6,000 náà ni yóò san lé e lórí. Bí a bá ka èlé lórí iye tó ṣẹ́ kù nìkan, ohun tó ń san lé díẹ̀ ní ìdá 8 lóṣù, ó sì lé ní ìdá 150 lọ́dún bí èlé bá ń gun orí èlé.

Ní ti Treasury Bills, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń bá ìjọba tà, èlé ọdún kan ni wọ́n máa ń kéde, kódà fún ti ọjọ́ 91. Nítorí náà, ìdá 16 lórí ₦100,000 kò ju nǹkan bí ₦3,989 lọ láàárín ọjọ́ 91 náà, wọn yóò sì ti yọ ọ́ kúrò nínú owó tí a ó san láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò jèrè ìdá 16 lọ́dún ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé, nígbà tí ọjọ́ bá pé, òun yóò tún bá iye èlé kan náà lọ́jà.