Kọ́tìnì onígi ní Harewood

Torí òdòdó ni mo ṣe mú màámi lọ sí Harewood, ilé ńlá ayé àtijọ́ kan tó ní ọgbà, nítòsí Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n dé láti Ìbàdàn nìyẹn. Òtútù ti sé wọn mọ́lé débi pé wọ́n ti tún gbogbo aṣọ tó ya nínú ilé mi rán tán. Bọ́ọ̀sì 36 la wọ̀ ní Leeds. Láti géètì la ti fẹsẹ̀ rìn, a rìn rìn rìn, màámi ní, "Ṣé ọgbà rèé ni àbí ìlú?"

Edwin Lascelles ló kọ́ ilé náà láàárín 1759 sí 1771. Thomas Chippendale, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Otley tí kò jìnnà síbẹ̀, ló kó àga, tábìlì àti bẹ́ẹ̀dì sí i. Bẹ́ẹ̀dì àlejò pàtàkì kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju yàrá mi lọ, ẹ má bínú, mo ń sọ àsọdùn díẹ̀.

Nínú yàrá gígùn tí wọ́n ń pè ní Gallery ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Télọ̀ ni màámi, ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti wà nídìí máṣíìnì. Bí wọ́n ṣe rí aṣọ tó rọ̀ wálẹ̀ lókè fèrèsé, wọ́n dúró gbọin. Wọ́n wo bó ṣe ṣẹ́po, wọ́n wo wajawaja etí rẹ̀.

"Àdùkẹ́, ẹni tó rán eléyìí jù mí lọ. Báwo ló ṣe ṣe é tí kò fi sọ̀?"

Mo bi òṣìṣẹ́ kan tó wà nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín. Igi ni! Ilé iṣẹ́ Chippendale ló gbẹ́ ẹ tí wọ́n sì kùn ún, kó lè jọ aṣọ.

Màámi pàtẹ́wọ́. "Fi igi ṣe kọ́tìnì? Iṣẹ́ wo ni àwọn tó ni ilé yìí ń ṣe?"

Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn. Mo ní ṣúgà ni. Henry, bàbá Edwin, jẹ́ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní Barbados. Ó ṣòwò ẹrú, ó sì yá àwọn olóko ìrèké lówó. Nígbà tó yá tí àwọn onígbèsè ò rí owó san, oko àtẹrú inú rẹ̀ di ti ìdílé náà. Ní àwọn ọdún 1830 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹrú sílẹ̀, ìdílé yìí gba owó gbà-má-bínú tó lé ní £26,000 lórí ẹrú tó lé ní 1,200. Àwọn ẹrú fúnra wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìdílé náà kò fi í pamọ́ lónìí, ìyẹn ni mo fi gbà fún wọn.

Màámi ò fèsì. A jáde síta. Wọn ò wo adágún omi tí Lancelot Brown, oníṣẹ́ ọgbà, sé odò kékeré kan láti fi ṣe. Àfìgbà tí a dé ibi ère Orpheus láàárín òdòdó, ọkùnrin tó gbé ẹkùn lé èjìká, ni wọ́n tó la ẹnu.

"Ọdẹ ni?"

"Wọ́n ní akọrin ni, mà."

"Akọrin gbé ẹkùn?"

Bọ́ọ̀sì ti fẹ́ dé nígbà tí wọ́n ní ká padà sínú Gallery. Wọ́n dúró sábẹ́ fèrèsé náà, wọ́n ń fi ìka ṣe ìwọ̀n ìṣẹ́po igi yẹn lójú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní bùbá ìyàwó kan ń bẹ nílẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, apá rẹ̀ ni àwọn máa fi í dán wò.