Sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ ojú òwú

Lálẹ́ àná, aago mọ́kànlá ti kọjá, mo ṣì jókòó ti máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ tíńtín tó para pọ̀ di ara wa, ni mò ń wò bó ṣe ń rìn. Kì í yára rárá. Wákàtí kan gbáko lè kọjá kó má tíì rìn ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n to fọ́tò rẹ̀ pọ̀ bíi fíìmù, wàá rí i tó na ẹsẹ̀ síwájú, tó fi di nǹkan mú, tó wá wọ́ ìdí tẹ̀lé e.

Lórí abọ́ pẹrẹsẹ, ibi gbogbo ló ń na ẹsẹ̀ sí. Lórí òwú tín-ín-rín, ọ̀nà méjì péré ló kù fún un. Orí ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi dúró lé. Bí wọ́n bá ní nǹkan ayé òde òní ni, ẹ̀rín ni mo máa ń rín: ní 1914, Ross Harrison, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ti kó sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ sórí okùn aláǹtakùn, wọ́n sì nà gbọọrọ tọ okùn náà lọ.

Òwú tèmi, ẹnu abẹ́rẹ́ ló ti ń jáde. Mo máa ń fi kẹ́míkà olómi kan, chloroform, yọ́ ike kan, polycaprolactone, èyí tó máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Iná 15,000 fóltì á fà á, á ti gbẹ kó tó balẹ̀ sára irin róbótó tó ń yí. Ká pín irun orí kan sọ́nà ọgọ́rùn-ún, bó ṣe tín-ín-rín tó nìyẹn. Mọ́mì mi ní, "Ṣé òwú ríran náà lo tún lọ kọ́ lókè òkun?" Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ni kí n wí?

Oṣù méjì ṣòfò o. Mo kọ́kọ́ po ike náà ṣàn jù, bí ògì tí omi pa, òwú ń yọ kókó bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo jẹ́ kó ki, òwú dán, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ń rìn kiri bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Ọ̀gá mi wo fọ́tò náà, ó ní kí n lọ wo irin yẹn. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti dẹ̀! Irin ò sáré tó, òwú ń wọ́ lura bí ìtẹ́ ẹyẹ, èmi ń bínú sí sẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ bẹ́líìtì náà, mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́ méjì, bí ojú ọgbẹ́. (Kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn o, abọ́ náà ni.) Nínú ọ̀kan, òwú dá àlàfo náà kọjá, nínú èkejì, ó tọ etí rẹ̀ lọ. Lálẹ́ àná, ti àkọ́kọ́ ti fẹ́ẹ̀ pàdé. Àwọn tinú abọ́ kejì ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sódò létí àlàfo, bí ẹni tó ń wá afárá.