Wọ́n Fìyà Jẹ Ọmọ Mi Torí Pé Ó Kọ́ Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ ní Ìṣirò

Ìwé pélébé kan ni mo bá nínú báàgì ọmọkùnrin mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, níbi tí mo ti ń wá ike oúnjẹ rẹ̀ kí n tó lọ síṣẹ́ alẹ́. Demerit ni, àmì tí wọ́n fi ń jẹ ọmọ tó bá rú òfin ilé ìwé níyà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó na ọrùn kọjá pákó tó pààlà sáàárín òun àti ọmọ tó jókòó tì í, ó sì ń ṣàlàyé ìṣirò fún un. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ọmọ náà ń sunkún, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá, àsíá tó fi ń pe àgbàlagbà sì ti wà lókè tipẹ́ láìsí ẹni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Mo wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo fún àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ní oògùn wọn, mo yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kúrò lára ìwé pélébé yẹn. Nílé ìwé tí èmi lọ ní Iléṣà, ọmọ tó bá mọ ìṣirò ni tíṣà máa ń ní kó bọ́ síwájú kó wá kọ́ àwọn yòókù. Bí ìyá ẹlòmíràn bá sì gbọ́ pé ìwọ lo kọ́ ọmọ òun, o ti rí àkàrà jẹ nìyẹn títí sáà á fi parí. Níbí, demerit ni wọ́n fi san án.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí irú ilé ìwé ọmọ mi yìí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń dá kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀. Yàrá ńlá kan ni lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní agbègbè Dallas tí à ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè jọ wà nínú rẹ̀. Olúkúlùkù kọjú sí ògiri, pákó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, pákó wà lọ́wọ́ òsì. Ọ́fíìsì ni wọ́n ń pe àyè náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti bàbá rẹ̀ yọjú síbẹ̀, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá rẹ̀ bá sọ sí mi létí pé, "Ṣé JAMB ni wọ́n ń ṣe lónìí ni?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó ń mú wa káàkiri yíjú padà wò mí. Ìgbà yẹn, ẹ̀rín ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Accelerated Christian Education lorúkọ ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò. ACE ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Tọkọtaya kan, Donald àti Esther Howard, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1970 ní Garland, ìlú kan lẹ́bàá Dallas níbí. Ó ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè látìgbà náà, àwọn ilé ìwé tó ń lò ó sì wà ní Nàìjíríà náà. Kò sí tíṣà tó ń dúró nídìí pátákó. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní PACE ni tíṣà. Iṣẹ́ ọdún kan nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ PACE 12, ọ̀rọ̀ Bíbélì sì wà nínú gbogbo wọn, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láàárọ̀, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa kọ iye ojú ìwé tí òun fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà sórí káàdì. Bó bá ṣe é dé ibì kan, á lọ sídìí tábìlì tí wọ́n kó ìwé ìdáhùn sí, á fi bírò pupa máàkì iṣẹ́ ara rẹ̀, á sì padà wá tún èyí tó gbà sódì ṣe. Bí PACE bá parí, ó di ìdánwò. Bí kò bá gba 80 nínú 100, yóò tún un ṣe. Bó bá gbà á, á mú òmíràn, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá wá ní ìbéèrè, kì í pariwo, kì í sì í nàwọ́. Àsíá kékeré kan ló máa gbé sókè lórí ọ́fíìsì rẹ̀, á jókòó, á máa retí kí àgbàlagbà kan yà sọ́dọ̀ òun.

Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bu ètò yìí tán lójú mi o, torí ó ṣe ọmọ mi lóore. Nílé ìwé ìjọba tó ti kúrò, wọ́n kàn ń gbé e láti kíláàsì dé kíláàsì ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń yá mẹ́wàá nínú ìyọkúrò, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ dídùn ló ń wà nínú káàdì èsì rẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un kí wọ́n tó gbà á wọlé níbí ló tú àṣírí, wọ́n sì mú un padà sẹ́yìn nínú ìṣirò. Bàbá rẹ̀ fárígá. Ó ní, "Ọmọ òṣómàáló ni wọ́n fẹ́ dá padà sẹ́yìn nínú ìṣirò?" Ṣùgbọ́n torí pé ìwé tó wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, kò sí ọmọ tó mọ̀ pé iṣẹ́ kíláàsì ìsàlẹ̀ ló ń ṣe. Ojú ò tì í. Kò sẹ́ni tó pè é ní olódo. Ó ṣe é, ó tún un ṣe, ó kọjá, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Lónìí, òun ló ń ṣètò iṣẹ́ ara rẹ̀. Mi ò kì í pariwo iṣẹ́ àmúrelé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹ mọ bí ìyẹn ti tó.

Ti Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ tún yàtọ̀. Kẹ́hìndé ń sáré, Táyé ń rọra bọ̀. Nílé ìwé ìjọba, kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà, ìwé kan náà ni wọ́n jọ ń kà, ẹ̀yìn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn yàtọ̀ sí iwájú. Níbí, ìràwọ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì ọmọ fún PACE kọ̀ọ̀kan tó bá parí, Kẹ́hìndé sì ń ka ìràwọ̀ Táyé bí wọ́n bá délé. Ìyá wọn sọ fún mi níbi tí a ti ń dúró dè wọ́n nínú mọ́tò pé, "Màmá, láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn ni Kẹ́hìndé ti mọ̀ pé òun ni ẹ̀gbọ́n, èwo ni ti ìràwọ̀ tí wọ́n tún wá ń fi jẹ́rìí sí i?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Àmọ́ nígbà tó yá, Táyé bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé inú ń run òun láràárọ̀ tí ilé ìwé bá wà. Ìyá wọn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé ọ́fíìsì wọn jìnnà sí ara wọn, wọ́n sì ṣe é fún un. Inú rírun náà dínkù, kò tíì tán.

Bàbá kan tó jẹ́ ará Gánà kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra ní tirẹ̀: ọmọbìnrin rẹ̀ parí iṣẹ́ sẹ́kọ́ńdírì ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá Ẹ̀gbá kan ní tirẹ̀ rí i pé ọmọ òun ń gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìwé ìdáhùn ló ń dà kọ. Ọmọ náà ló ń máàkì ara rẹ̀, ta ni ì bá tètè mọ̀?

Ohun tó ń dà mí láàmú jù lọ ṣòro láti fi sínú ìwé ẹ̀sùn. Ọmọ mi ti ń dákẹ́ jù. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe kọ́ tábìlì ìṣirò, times table, nìyẹn: gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì, ohùn kan. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa ya ẹnu bá àwọn tó mọ̀ ọ́n títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí, ohùn ẹlòmíràn ló ń gbé e. Bí a ṣe kọ́ Yorùbá náà nìyẹn. Kò sí ọmọ tó ń dá kọjú sí ògiri kọ́ èdè.

Màmá mi máa ń pè wá lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí ilẹ̀ tó ṣú púpọ̀ jù ní Iléṣà. Wọ́n máa ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá ti ní, "Ààlọ́ o!", èyí àbúrò, tí kò tíì tó ilé ìwé lọ, á ti pariwo, "Ààlọ̀!" kó tó mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n á kàn máa wo fóònù. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ̀ láti fi Yorùbá fèsì, a máa ń rọ́ ọ, a máa ń bá a wí, a máa ń fi nǹkan dídùn bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n kọ ìtàn náà ránṣẹ́. Òun á kà á nínú yàrá òun. Bí ìbéèrè bá sì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ìdáhùn rẹ̀ sí i kí òun lè máàkì ara òun. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ọmọ náà rò pé ọ̀nà tó dáa jù lòun ń fi han ìyá àgbà ni. Màmá ní, "Kí ló wí?" Mo ní ó ní ìtàn náà dùn mọ́ òun. Mo gbé fóònù wọ kíṣìnì, mo tú omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ bí ohùn mi ti rí. Àwọn arúgbó àjèjì ni mò ń bá jí lóru, ìyá tó bí mi ń pàlọ́ sí fóònù ní Iléṣà, ọmọ tí mo bí kò sì gbè é.

Mi ò di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru ACE. Ọmọ Dallas ni, Gẹ̀ẹ́sì ì bá gbà á lọ́wọ́ wa níbikíbi tó bá ti ń kàwé. Ṣùgbọ́n nílé ìwé mìíràn, ì bá ṣì máa bá wọn jiyàn, ì bá máa kọrin, wọn ì bá pín iṣẹ́ fún òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn kí wọ́n jọ fà á. Ohùn ì bá wà lẹ́nu rẹ̀ tí èmi náà yóò fi rí nǹkan gbá mú.

Mo lọ rí alábòójútó wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá àgbàlagbà tó níwà tútù ni, kò sí ọmọ tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ní bí ọmọ kan bá ń ṣàlàyé fún èkejì, àwọn ò ní mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, PACE á máa lọ, ihò á máa kù lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ihò yẹn náà la bá wá síbẹ̀. Mo wá bi í nípa àsíá ọmọ tó ń sunkún. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àgbàlagbà méjì péré ló wà nílẹ̀ fún gbogbo àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí ara ẹnìkan kò yá.

Ẹ̀yin òbí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Owó ilé ìwé yìí rọrùn fún irú wa torí pé wọn kì í gba tíṣà ìṣirò lọ́tọ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀. Ìwé ló ń kọ́ni, ìwọ̀nba àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣọ́ wọn. Ohun tó jẹ́ kí agbára wa ká a náà ló jẹ́ kí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni jókòó sẹ́yìn pákó kó máa sunkún lórí ìdá. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀, ẹ má bèèrè iye ọmọ tó wà níbẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè iye àgbàlagbà tó ń dá àsíá lóhùn, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe mọ ìṣirò sí, kí ẹ sì jókòó sẹ́yìn yàrá ní òwúrọ̀ kan kí ẹ fojú ara yín rí i bó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ ọmọ.

Wọn ò mú demerit náà kúrò. Alábòójútó ní òun á bá pásítọ̀ sọ ọ́, bóyá àwọn àgbà ọmọ lè máa gbọ́ tábìlì lẹ́nu àwọn kéékèèké lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣì ń retí èsì.

Èmi àti Ìyá Ìbejì ò dúró dè wọ́n. Ní Sátidé, a kó àwọn ọmọ jọ sí pálọ̀ mi, a ní kí wọ́n máa ké tábìlì jáde bí a ṣe ń ké e nílé, ká tó wá pàlọ́. Kẹ́hìndé fẹ́ sáré, a ní kó dúró de àwọn yòókù, ó bínú. Táyé ló mọ orin àlọ́ jù, ó sì gbè é tó fi mì ilé. Ọmọ tèmi béèrè bóyá a máa máàkì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní rárá, kó kàn gbè é. Ó la ẹnu, Yorùbá rẹ̀ rí jákujàku, ṣùgbọ́n ó la ẹnu.

Ohun tó kù tí n kò rí ojútùú sí ni ti sẹ́kọ́ńdírì. Kẹ́mísírì ń bọ̀, kò sì sí yàrá sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó parí síbẹ̀. Èmi fẹ́ kó padà sílé ìwé ìjọba ní kíláàsì kẹsàn-án. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ACE lọ sí ilé ìwé ìjọba ní Texas, ṣé wọ́n gba iṣẹ́ tó ti ṣe wọlé fún un, àbí wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe lórí gbogbo rẹ̀? Ó sì tó ìgbà wo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀?