R tuntun ni kẹ́ ẹ fi dán kóòdù wò

Kóòdù iye owó gàrí tó ń ṣiṣẹ́ geere lórí kọ̀ǹpútà yín ní Ìjẹ̀bú-Òde lè kọ̀ jálẹ̀ lórí ti ẹlòmíràn ní Ṣàgámù, torí nǹkan tẹ́ ẹ ti kó sínú R (èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù ìṣirò dátà) láti àárọ̀ ló ń gbè é lẹ́sẹ̀. rm(list = ls()), tó ń pa àwọn nǹkan tẹ́ ẹ kó síbẹ̀ rẹ́, ò tó: àwọn pákéèjì (àkójọ irinṣẹ́ R) tẹ́ ẹ ti fi library() pè ṣì wà níbẹ̀, ètò tẹ́ ẹ fi options() yí náà ò kúrò. callr::r(), ìyẹn r() inú pákéèjì callr, máa ń ṣí R mìíràn, á ṣe iṣẹ́ náà tán, á dá èsì padà. Àpẹẹrẹ yìí ń ka iye ìgbà tí ọjà kọ̀ọ̀kan (oja) wà nínú dátà wa, gari:

callr::r(function(d) dplyr::count(d, oja), args = list(d = gari))

Ibi tó ti máa ń dojú rú nìyí: R tuntun ò rí gari tó wà níta. Ẹ fi args gbé e wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ "object 'gari' not found" lẹ máa bá pàdé. Ẹ má yọ dplyr:: o, torí R tuntun ò tíì fi library() pe pákéèjì dplyr. Ohun tẹ́ ẹ bá print() níbẹ̀ kì í hàn, àfi tẹ́ ẹ bá fi show = TRUE sí i.